Bẹ́ńsì Fàtímọ̀

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni Alhaji Afọlábí sọ ọ̀rọ̀ náà. Labeebah, ìyàwó rẹ̀ kejì, bí ọmọkùnrin fún un ní Gbọ̀ngán, ó sì pe ẹbí àti ọ̀rẹ́ jọ sí ilé tuntun tó kọ́ síbẹ̀. Fàtímọ̀, ìyálé, wá láti Ẹdẹ. Ó kó búrẹ́dì wá láti ilé búrẹ́dì rẹ̀, nítorí ó ní bó ti wù kó rí, ọmọ ọkọ òun ni wọ́n ń sọ lórúkọ.

Jíìpù dúdú kan wà níwájú ilé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó ni, ọ̀rá kò tíì kúrò lára ìjókòó rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Alhaji ń yí i po, wọ́n ń fọwọ́ pa á lára. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé Bẹ́ńsì àtijọ́ wọn ńkọ́. Alhaji ní ó wà lọ́dọ̀ Ìyá Hasanat, ìyẹn Fàtímọ̀, ní Ẹdẹ.

"Àwọn méjèèjì ti gbó," ó ní. "Mo ní kí wọ́n jọ máa sinmi."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Fàtímọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, agbọ̀n búrẹ́dì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i. Ó gbé agbọ̀n náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó kí ìyá ìkókó, ó gbé ọmọ náà díẹ̀, ó sì lọ wọ ọkọ̀ padà sílé. Kò sunkún. Kí ọkọ̀ tó wọ Ẹdẹ, ó ti pinnu pé òun máa gbẹ̀san, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ọ̀nà tó máa gbà.

Ohun tó dùn ún jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé òun gan-an ló ra Bẹ́ńsì ọ̀hún. Nígbà tí Alhaji ń wá iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kiri ọ́fíìsì ìjọba, ó ní wọn kì í ka ẹni tó bá gun ọ̀kadà wá sí ènìyàn. Fàtímọ̀ ta ààrò rẹ̀ kejì, wọ́n sì lọ ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ dókítà kan tó ń fẹ̀yìntì ní Òṣogbo. Ọkọ̀ bọ̀gìnnì ni, aláwọ̀ eérú, ìjókòó rẹ̀ jẹ́ awọ, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pariwo tí wọ́n bá ń tì í. Alhaji àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣẹjọ́ ilẹ̀ lọ́wọ́ nígbà náà, ẹ̀rù sì ń bà á pé wọ́n lè gba ohun tó bá jẹ́ tirẹ̀. Orúkọ Fàtímọ̀ ni wọ́n fi ṣe ìwé ọkọ̀. Gíà tí wọ́n pààrọ̀, bíréèkì, ẹ̀rọ amúlétutù, ilé búrẹ́dì ló ń sanwó wọn. Ọdún mẹ́rìnlá ni Alhaji fi wà á. Fàtímọ̀ kò fọwọ́ kan ìdarí rẹ̀ rí.

Nígbà tí Alhaji kó lọ sí Gbọ̀ngán, ó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò tó wà nínú àgbàlá. Ọdún mẹ́rin ló ti wà níbẹ̀. Adìyẹ ń yé sí ìjókòó ẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ, Fàtímọ̀ ránṣẹ́ pe Ayọ̀dèjì, mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ akẹ́rù búrẹ́dì rẹ̀ ṣe. Ayọ̀dèjì ṣí iwájú Bẹ́ńsì náà, ó wò ó títí, ó nu ọwọ́, ó sì bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi. Ọkọ̀ olówó kì í di ọkọ̀ tálákà nítorí pé ó gbó. Ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣì wọ́n bíi ti ọjọ́ tó jáde. Ohun tí ẹ máa ná sí i, ẹ lè fi ra kékeré kan tó dára ju èyí lọ, tí kò ní yọ yín lẹ́nu."

"Mi ò fẹ́ kékeré," Fàtímọ̀ ní. "Èyí ni mo fẹ́."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Màmá?"

Ayọ̀dèjì ní ojú tí Màmá fi wo òun lọ́jọ́ náà ni kò jẹ́ kí òun tún béèrè mọ́.

Oṣù mọ́kànlá gbáko ni wọ́n fi tún un ṣe. Eku ti jẹ wáyà, bíréèkì ti dì pa, táǹkì epo ti dógùn-ún. Àwọn ohun kan wà tí Ayọ̀dèjì rí ní Ìbàdàn, àwọn kan wà tó jẹ́ pé Èkó nìkan ló ti lè rí wọn, ọ̀kan sì wà tí wọ́n dúró dè fún oṣù méjì. Bí wọ́n bá tún ibì kan ṣe, ibòmíràn á tún bàjẹ́. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúà rẹ̀ ní àsìkò ti tó kó jáwọ́. Ó ń gbọ́, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì ń bá ohun tó ń ṣe lọ. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí búrẹ́dì bá ti jáde, á gbé àpótí lọ sọ́dọ̀ Ayọ̀dèjì, á jókòó, á máa béèrè orúkọ ohun gbogbo. Nígbà tó yá, ó ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, ó sì ń sọ ibi tó ti ń dùn ún kí mẹkáníìkì tó sọ ọ́.

Àsìkò náà ló kọ́ ọkọ̀ wíwà, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò ní ọgbà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wà á wọ ìgboro, ó gba iwájú ọjà kọjá, ó gba iwájú mọ́ṣáláṣí, àwọn ènìyàn sì ń dìde láti wò ó. Ọkọ̀ náà ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n gbé e láti Òṣogbo. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ṣègbéyàwó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn gbé ìyàwó. Ó gbé ìyàwó ní ìlú Ara, ó gbé ní Awo. Ó mọ̀ pé ìròyìn náà ń dé Gbọ̀ngán. Ohun tó fẹ́ gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n kò tíì tó o.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn ní Ẹdẹ ní àwọn fẹ́ wé láwàní fún ènìyàn mẹ́rin, Alhaji Afọlábí sì wà nínú wọn. Bàbá Àdínì ni wọ́n fẹ́ fi í jẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà ni iná pupa kan tàn nínú jíìpù, ọkọ̀ náà sì ń fà bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Kò sí mẹkáníìkì kankan ní agbègbè náà tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀, àwọn kò sì ní irú rẹ̀. Ọkọ̀ ńlá ló wá gbé e lọ sí Èkó, wọ́n sì sọ fún Alhaji pé ohun tí wọ́n máa fi tún un ṣe ṣì wà lójú omi.

Nasrullah, àbúrò Alhaji, ló wá bẹ Fàtímọ̀. Ó ti múra ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Ó ní ọkọ ni ọkọ ń jẹ́, ó ní kò dára kí ẹni tí wọ́n fẹ́ wé láwàní fún bọ́ sílẹ̀ nínú takisí. Fàtímọ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó ní òun máa gbé e, òun fúnra òun sì ni òun máa wà á. Inú Nasrullah dùn débi pé ó dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìwéláwàní, Fàtímọ̀ ní kí Ayọ̀dèjì yẹ ohun gbogbo wò, táyà, omi, ọ́ìlì, bíréèkì. Kò fẹ́ kí ọkọ̀ náà ní ìdí kankan láti dúró lọ́nà. Ibi tó máa dúró sí, òun fúnra rẹ̀ ti yàn án.

Àárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, aago mẹ́jọ ààbọ̀, ó dé Gbọ̀ngán. Labeebah ti lọ sí Ẹdẹ láti àná lọ bójú tó oúnjẹ. Alhaji jáde nínú agbádá funfun gbòò, láwàní rẹ̀ wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ló lọ jókòó sí, lápá ọ̀tún, níbi tí àwọn ọ̀gá máa ń jókòó sí. Wọ́n kọjá Odè-Òmù. Nígbà tó yá, Alhaji fọwọ́ pa awọ ìjókòó náà, ó ní òun kò mọ̀ pé ó tún lè rí báyìí. Ó ní, "O gbìyànjú, Fàtímọ̀." Ó tó ọdún mẹ́wàá tó ti pe orúkọ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìyá Hasanat ló máa ń pè é. Ọkàn Fàtímọ̀ rọ̀. Ó bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń rò ó pé bóyá kí òun kàn gbé e dé mọ́ṣáláṣí, kí òun fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ibẹ̀ ni Alhaji tún ti la ẹnu.

"Tí a bá ṣe tán lónìí, wàá fún mi ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kí Labeebah máa rí i lò títí jíìpù á fi dé. Ìwọ náà kò kúkú ní ibi tí ò ń lọ."

Fàtímọ̀ wakọ̀ dé oríta Sẹ̀kọ́nà, níbi tí àwọn tó ń ta gaàrí àti iṣu ti ń pe ọlọ́kọ̀. Ó rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì pa ẹ́ńjìnnì.

"Mo mọ̀," Alhaji ní. "Mo mọ̀ pé ó máa dá wa dúró."

"Ọkọ̀ kò ṣe nǹkan kan, Bàbá Hasanat. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Alhaji kọ́kọ́ rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó béèrè pé kí ló dé. Ó wo aago, aago mẹ́sàn-án ti kọjá dáadáa, aago mẹ́wàá sì ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó bínú, ó pàṣẹ, ó sì tún rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Fàtímọ̀ ń wo iwájú.

"Ọjọ́ tí ẹ sọ ọmọ lórúkọ ní Gbọ̀ngán," ó ní, "mo wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín."

Ó hàn pé Alhaji rántí. "Àwàdà ni mo ń ṣe," ó ní.

"Èmi kì í ṣe àwàdà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mi."

Àwọn elégaàrí méjì ti sún mọ́ fèrèsé, wọ́n ń kí Alhaji, wọ́n ń wò ó pé ṣé yóò rajà ni. Alhaji kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tó kù. Ó ṣílẹ̀kùn, ó kó agbádá rẹ̀ mọ́ra, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú eruku. Fàtímọ̀ na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú láwàní tí Alhaji gbàgbé, ó sì nà án sí i láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ló ṣíná sí ọkọ̀ tó sì lọ.

Kò lọ sílé. Iwájú mọ́ṣáláṣí gan-an ló lọ, níbi tí wọ́n ti na ìbòrí sí, tí àlejò ti kún. Gbogbo wọn rí Bẹ́ńsì náà bó ṣe ń bọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ Alhaji sì sáré wá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni níbẹ̀. Nasrullah béèrè ibi tí ẹ̀gbọ́n òun wà. Fàtímọ̀ ní ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó lọ jókòó sáàárín àwọn obìnrin, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó sì dúró.

Wọ́n retí Alhaji títí, kò dé. Wọ́n wé láwàní fún àwọn mẹ́ta yòókù. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù ni ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan tó kó ẹ̀gẹ́ yà wọlé, Alhaji sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Eruku ti bo agbádá funfun náà dé orúnkún, ó sì ń làágùn. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú èrò, òmíràn gbè é, ẹ̀rín náà sì tàn ká. Fàtímọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ojú ọkọ rẹ̀ bí ó ti ń wá ibi tó máa fi pamọ́ sí. Wọ́n wé láwàní fún un, wọ́n ṣàdúà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwòrán rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gẹ́ ti wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn.

Ọjọ́ kẹta ni Nasrullah mú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ wá. Kò lè wo ojú Fàtímọ̀. Fàtímọ̀ gbà á, ó sì fún un ní búrẹ́dì gbígbóná kó mú lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Hasanat, ọmọ wọn kan ṣoṣo, kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì. Nígbà tó wá láti Ìbàdàn níkẹyìn, ó jókòó sórí àga níwájú ààrò, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ fi àwòrán náà hàn òun, wọn kò mọ̀ pé bàbá òun ni.

"Màmi, ohun tí wọ́n ṣe fún yín kò dára. Ṣùgbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Èyí tí ẹ̀yin ṣe pọ̀ jù."

"Mo mọ̀," Fàtímọ̀ ní.

"Ṣé ẹ kábàámọ̀ ni?"

Fàtímọ̀ rò ó dáadáa, nítorí kò fẹ́ parọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ó ní ó dun òun pé ọ̀rọ̀ náà kan Hasanat. Ó ní ti bàbá rẹ̀, bí wọ́n bá ní kí òun tún ṣe é lọ́la, òun á tún ṣe é, òun kò sì ní jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Hasanat mi orí. Kò bínú jáde, bẹ́ẹ̀ ni kò sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó dìde, ó wẹ ọwọ́ rẹ̀, ó sì bá ìyá rẹ̀ to búrẹ́dì sínú ọ̀rá títí wọ́n fi ṣe tán.