Alábàárìn Orúnkún Mi

3.
…kí ẹ wá rọra gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Ẹ mí sínú.

Áàpù ilé ìwòsàn ló ń kọ́ mi nínú fóònù. Ó ku ọjọ́ mẹ́rìnlá kí wọ́n pààrọ̀ orúnkún mi.

4.
ÌBÉÈRÈ: Ta ni alábàárìn yín, tí yóò bá yín gbélé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ?
ÌDÁHÙN: Sjoerd, ọkọ mi.

Ọwọ́ mi ti kọ ọ́ kí n tó ronú.

5.
Sjoerd kú ní oṣù kẹta.

6.
Mi ò jẹ́ kí iná tán nínú fóònù rẹ̀. Láràárọ̀ ó ń dún, áàpù náà ń kọ̀wé sí i:

*Ẹ kú ojúmọ́, Sjoerd. Ǹjẹ́ Tjitske, ìyàwó yín, ti na ẹsẹ̀ lónìí?*

Èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́: *Ó ti nà án.*

*Ẹ ṣeun tí ẹ dúró tì í.*

7.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń nà án báyìí, kí n má bàa sọ ọ́ di onírọ́.

9.
NỌ́Ọ̀SÌ MARRIT: Màmá, ọkọ yín mà dáa o! Kò pa ọjọ́ kan jẹ lórí áàpù. Ẹ fún un ní fóònù, kí n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa gún yín lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.
ÈMI: Kò sí nílé.
MARRIT: Ìgbà wo ló máa dé?
ÈMI: Ọmọ mi, ó wà ní ìtẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì.
MARRIT: Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n wọn ò ní ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹni tó ń dá gbé. Ẹ fi orúkọ ẹlòmíràn sí i kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọ̀la. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn á gba ọjọ́ yín.

10.
Oṣù mẹ́jọ sí i kó tó tún kàn mí.
Àtẹ̀gùn mẹ́tàlá. Ìdí ni mo fi ń gùn ún.

11.
Mo ránṣẹ́ sí Gosse, aládùúgbò mi. Ó bọ́ bàtà onígi rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

GOSSE: Wọ́n ní ò ń wá ọkùnrin nílé yìí.
ÈMI: Ọkùnrin tó mọ abẹ́rẹ́ gún.
GOSSE: Ogójì ọdún ni mo fi gún màlúù lábẹ́rẹ́. Kò sí ìkankan tó fẹjọ́ mi sùn.
ÈMI: Wọn ò mọ àgọ́ ọlọ́pàá ni.
GOSSE: Kọ nọ́ńbà mi sílẹ̀, jàre.

12.
11:51

ALÁBÀÁRÌN KAN ṢOṢO LÓ LÈ WÀ.
ṢÉ KÍ A YỌ SJOERD KÚRÒ?

BẸ́Ẹ̀ NI          RÁRÁ

13.
11:56

GOSSE: Ṣé kí n bá ọ tẹ̀ ẹ́?
ÈMI: Má fọwọ́ kàn án.

14.
11:58

Gosse kọjú sí fèrèsé. Ó ń ka àgùntàn onílé kejì sókè. Ó ka mẹ́sàn-án, ó tún padà bẹ̀rẹ̀ láti orí ení, kí n tó tẹ BẸ́Ẹ̀ NI.