Omi Tí Ọwọ́ Kan Lè Fà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Ọlábímtán kú ní Ẹ̀júkù, ní oṣù kìíní ọdún 1956. Ibà ló pa á. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló fi dùbúlẹ̀. Wọ́n sin ín ní Ọjọ́rú. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, Ọmọ́yẹlé, ìyàwó rẹ̀, gbé garawá, ó gba ọ̀nà àkùrọ̀.

Àwọn obìnrin tó wá bá a kẹ́dùn pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Níbo lò ń lọ? Opó kì í jáde báyìí."

"Ìrẹsì ò mọ̀ pé ọkọ mi kú."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Kò sì fi ìbànújẹ́ sọ ọ́.

Omi kànga ni òun àti ọkọ rẹ̀ fi ń gbin ìrẹsì nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ọlábímtán ló gbẹ́ ẹ sáàárín àkùrọ̀ náà, nítorí bí odò bá tilẹ̀ gbẹ, omi ṣì ń bẹ nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ọkọ a fà á sókè, ìyàwó a dà á sí ipa tóóró tí wọ́n là sáàárín ìrẹsì. Ọgọ́fà garawá lójúmọ́, ìrẹsì á mu, á yó.

Ní ọjọ́ yẹn, ọgọ́ta ni òun nìkan fà kí ọwọ́ rẹ̀ tó kọ̀. Ó rí ẹ̀jẹ̀ lára okùn. Kò dùn ún.

Ó dúró, ó wo oko. Ìrẹsì ti ń lóyún. Bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́ lọ́sẹ̀ náà, èèpo lásán ni yóò so. Bí ó bá pín ọgọ́ta garawá yíká, kò sí apá tí yóò so dáadáa. Ó mú ọkọ́, ó fi ẹrẹ̀ dí ipa tó lọ sí apá òkè. Apá ìsàlẹ̀ nìkan ló fún lómi.

Ọjọ́ kẹta, Rhoda, ìyá ọkọ rẹ̀, wá sóko. Ewé apá òkè ti ń pọ́n.

"Ta ló dí omi níbí?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ibẹ̀ lọmọ mi kọ́kọ́ gbìn."

"Mo mọ̀, Ìyá. Ohun tí mo lè fà kò tó méjèèjì."

Rhoda wo ojú rẹ̀ títí. "O ò tilẹ̀ sunkún ọmọ mi."

"Ẹkún ni kò wá. Mo ti ń retí rẹ̀."

Ìyá náà jókòó létí kànga, ó dá nìkan sunkún. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó di ìró rẹ̀ le, ó gba garawá lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó ń dà á. Ọmọ́yẹlé ń fà, Rhoda ń dà, títí oòrùn fi wọ̀.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Apá òkè kú. Apá ìsàlẹ̀ so débi tí orí rẹ̀ fi tẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kórè ìrẹsì náà tán, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ti Kàbà wá. Ó fi okùn wọn ilẹ̀, ó wọn ìrẹsì.

"Ẹni mélòó ló ṣe é?"

"Ẹni méjì," ni Rhoda fèsì. "Ọ̀kan ti di arúgbó."

Ọkùnrin náà mi orí. Ó ní òun ti wọn oko ńláńlá tí odò ń fún lómi, wọn kò mú ìdajì èyí wá lórí ilẹ̀ tó tóbi tó tiwọn.

Inú Lájídé, àbúrò olóògbé, dùn. "Ìyàwó wa, lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká fẹ̀ ẹ́ lọ́nà mẹ́ta!"

"Ọkọ mi, kànga ò ní fẹ̀. Ọwọ́ wa náà ò ní fẹ̀."

"Apá òkè tó ṣófo ńkọ́?"

"Ẹ gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ lè dúró de òjò."

Lájídé yíjú sí ìyá rẹ̀. Rhoda ń fẹ́ ìrẹsì lọ, kò gbójú sókè. "Ẹni tó fa omi ló sọ̀rọ̀ yẹn," ló wí.

Wọ́n se ìrẹsì tuntun lálẹ́. Rhoda bu ti Ọmọ́yẹlé fún un, ó dúró kó fi kan ẹnu.

"Ṣé ó dùn?"

Ọmọ́yẹlé jẹ ẹ́, ó gbé e mì.

"Ó gbóná, Ìyá. Adùn ni kò tíì wá."