Ọ̀kẹ́rẹ́ Pupa Tó Ń Sùn ní Pálọ̀

Bí mo bá rí ọ̀kẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú, bàtà ni mo máa ń jù lù ú. Adérìnsọ́lá ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, á ní, "Grandma, kí ni wọ́n ṣe fún yín?"

Ẹ̀yìn ilé wọn ní Forestville, ní Amẹ́ríkà, kún fún ọ̀kẹ́rẹ́. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ mú bàtà, ọ̀kẹ́rẹ́ ti gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Ọmọ yìí á wá máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé kan ní 1996, inú mi ò dùn. Mo ti di ẹrù mi láti padà sílé. Oṣù mẹ́rin ni mo ti wà lọ́dọ̀ Tóyìn ìyá rẹ̀, tí mò ń bá a tọ́jú Joel, ọmọ tuntun. Ó bẹ̀ mí títí pé kí n má lọ ní Ọjọ́bọ̀, mo kọ̀. N ò sọ ìdí rẹ̀ fún un: yàrá Rìnsọ́lá ni wọ́n fún mi, òun wá ń sùn lórí àga pálọ̀, ọrùn sì ń dùn ún láràárọ̀.

Mo wá sọ ti ọ̀kẹ́rẹ́ fún ọmọ náà. Ní 1962, tí mò ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Leeds nílùú Ọba, ìyá onílé mi fi wọ́n hàn mí lójú fèrèsé. Ó ní pupa ni tiwọn. Àwọn eléérú yìí, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó wọn wá, wọ́n ń jẹ èso igi kó tó gbó, ebi sì ń lé àwọn pupa kúrò nínú igbó baba wọn. Ó sọ ọ́ tán, ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó dùn mí dọ́kàn. Mo búra pé n ò ní jẹ́ irú àlejò bẹ́ẹ̀ láé.

"Ṣùgbọ́n Grandma, ibí ni ilé wọn."

"Mo mọ̀."

"Àwọn red ńkọ́? Níbo ni wọ́n wá ń sùn?"

Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. "Lórí àga pálọ̀."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́sàn-án. Bọ́ọ̀sì iléèwé já a sílẹ̀, ó wọlé tòun ti báàgì lẹ́yìn, ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀ láti pálọ̀, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

"Grandma, red squirrel ti dé. Ẹ sún díẹ̀, please."

Mo sún. Ó gbé ẹsẹ̀ tútù rẹ̀ lé mi, oorun sì gbé e lọ. Mo fẹ́ràn ọmọ yìí ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ.

Nígbà tí bàálù mi gbéra láìsí mi nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Tóyìn ló wá jí èmi àti Rìnsọ́lá lórí bẹ́ẹ̀dì pé oúnjẹ ti jinná.