Bí Ọwọ́ Tẹjúmádé Ṣe Ṣẹ́

"Ó yọ̀ ṣubú ni," Jesse wí, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. "Orí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa l'Ọ́kà, níbi tí wọ́n ń sá láfún sí. Ìrì àárọ̀ ò tíì gbẹ níbẹ̀."

Bàbá Láwàl kúnlẹ̀ síwájú Tẹjúmádé, ìyàwó Jesse, lórí ẹní, nínú yàrá tó ti ń to eegun fún àwọn ará Ìkàrẹ́ láti bí ogójì ọdún. Ọwọ́ ọ̀tún ọmọbìnrin náà ti wú, ó ti dúdú láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Bí bàbá náà ṣe fi ìka kan kàn án báyìí, Tẹjúmádé ki etí ìró rẹ̀ bọ ẹnu, ó dì í mú ṣinṣin. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ké.

Florence, ìyá Jesse, fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti fún un ní àpótí, kò jókòó. Ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló ń ṣọ́. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé ọwọ́ ló yẹ kí ènìyàn máa ṣọ́ lára ọkùnrin tó ń bínú, nítorí ojú a máa tanni.

"Ṣé ìwọ náà sọ pé o ṣubú?" Bàbá Láwàl bi Tẹjúmádé.

Ọmọbìnrin náà wo ọkọ rẹ̀. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá náà kì í ṣe olófòófó. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń béèrè ìbéèrè. Ọwọ́ tí ènìyàn fi gbéra lé nígbà tó ṣubú, eegun rẹ̀ a máa gun orí ara wọn; fífà ni wọ́n ń fà á kó tó padà sáyè. Ọwọ́ tí wọ́n fi igi lù, eegun tirẹ̀ á rún sínú. Ẹni tó bá fà á ti bà á jẹ́ títí ayé. Bẹ́ẹ̀, tí ọwọ́ bá ti wú tán, ojú lásán kò lè mọ̀yàtọ̀. Ẹnu aláìsàn ló máa sọ.

Florence mọ gbogbo èyí. Ara rẹ̀ ló fi kọ́ ọ.

Ní ọdún 1999, kò sí ọmọbìnrin tó gbá tẹníìsì jù ú lọ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Kíláàsì kẹrin ló ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù kékeré yẹn. L'Ékòó, nínú ìdíje tí àwọn ará òkè òkun wá, ó gbá pẹ̀lú ọmọ Íńdíà kan tó ń jẹ́ Lalita, wákàtí mẹ́ta nínú oòrùn, ó sì nà án. Lalita dì mọ́ ọn lẹ́bàá nẹ́ẹ̀tì, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé pé kí Florence máa bọ̀ wá gbá ní Íńdíà. Ezekiel ọkọ rẹ̀ ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó fi í sápò. Ó wá wọ ilé ìdáná, ó mú ọmọ odó. Ó bi í pé ọwọ́ wo ló fẹ́ fi gbá a. Kí Florence tó dáhùn, ó ti fọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ezekiel kan náà ló gbé e wá sọ́dọ̀ Bàbá Láwàl lórí ọ̀kadà. Òun ló sọ pé ó yọ̀ ṣubú lórí àpáta láfún. Florence mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá Láwàl fa ọwọ́ náà. Eegun náà jinná ní wíwọ́, àtìgbà náà ni kò ti lè gbé ife omi dé ẹnu láìfi ọwọ́ kejì tì í. Lalita ní tirẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù káàkiri ayé fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, gbogbo èrò dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Tẹjúmádé ló rí i lórí fóònù, tó fi han Florence. Florence wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní Lalita ti sanra díẹ̀, ó dìde lọ fọ abọ́.

Ezekiel ti kú báyìí. Gẹ́gẹ́ bí alàgbà ìjọ ni wọ́n sin ín.

Láti ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́, ọwọ́ òsì ni Florence fi ń ju bọ́ọ̀lù sí àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ lórí pápá onísìmẹ́ńtì kan n'Íkàrẹ́. Tẹjúmádé, ọmọ Ùgbè, ló mọ̀ ọ́n gbá jù nínú wọn. Ibẹ̀ ni Jesse ti rí i. Nígbà tí wọ́n fẹ́ra, inú Florence dùn débi pé òun fúnra rẹ̀ ló fa ìyàwó wọlé.

Láàárọ̀ yìí ni ìpè wọlé láti Àkúrẹ́: kí Tẹjúmádé wá sí káǹpù ní oṣù tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yóò gbá fún ìpínlẹ̀. Jesse ní ta ni yóò máa dáná. Ìyàwó rẹ̀ ní Màmá yóò bá wọn dá a. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ìyẹn ló fa wàhálà. Jesse na ọwọ́ mú ọmọ odó. Ẹ̀ẹ̀kíní tó fi lù ú ba rákẹ́ẹ̀tì ìyàwó rẹ̀, ó fọ́ ọ mọ́ ògiri. Èkejì ba ọwọ́. Ẹ̀kẹta ìbá ba orí, àfi bí Tẹjúmádé ṣe yí gbirigbiri sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Florence dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. Ó gbọ́ bí eegun náà ṣe dún. Kò mira.

Nígbà tí Jesse mí kanlẹ̀, òun náà ló dárúkọ àpáta. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé àpáta ló ṣẹ́ ìyá òun lọ́wọ́.

Bàbá Láwàl ti fi òrí pa ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní kí Jesse di èjìká ìyàwó rẹ̀ mú. Ó di ọrùn ọwọ́ tó wú náà mú, ó wá dúró, ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Ìyá Jesse, ẹ̀yin lẹ wà nílé. Ṣé ó ṣubú?"

"Màámi ò sí níbẹ̀," Jesse wí.

"Ìwọ kọ́ ni mo bi."

Jesse ń wo ìyá rẹ̀. Ojú bàbá rẹ̀ gan-an ni, tó ń sọ fún un pé wọ́n á padà sílé, ilẹ̀kùn á sì tì. Ó rí i tí iṣan ọwọ́ Bàbá Láwàl le.

"Ẹ má fà á," ó wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń ṣàárẹ̀ lọ. "Bàbá, ẹ má fà á. Ọmọ odó ni. Jesse ló lù ú. Mo wà níbẹ̀, mò ń wò ó."

Ẹ̀yìn ọwọ́ ni Jesse fi gbá a lẹ́nu. Orí rẹ̀ gba ògiri. Kó tó ṣubú, ọmọ rẹ̀ ti fún un lọ́rùn, ó ń fi orí rẹ̀ gbá ògiri lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń bi í pé ṣé ìyá òun ni àbí ọlọ́pàá. Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu Florence.

"Bàbá rẹ ló ṣẹ́ ọwọ́ tèmi," ó wí láàárín ìka Jesse tó fún un lọ́rùn. "Kò sí àpáta kankan."

Ọwọ́ Jesse dẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́yìn náà ó tún le sí i. Ìgbà náà ni ọ̀pá sọ̀kalẹ̀ sí i lẹ́yìn. Nathaniel ni, agbẹ̀ kan láti Ẹ̀pìnmì tí wọ́n ń to ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, tó ń fi ọ̀pá rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó tún lù ú, ó ba etí. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde.

"Wá lù mí," Nathaniel wí, ó ń fì lórí ẹsẹ̀ kan. "Ẹsẹ̀ kan ṣì kù fún mi. Wá ṣẹ́ ẹ kún un, a ti dé ilé oníṣègùn ná."

Àwọn tó kù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé, wọ́n wọ́ Jesse síta.

Bàbá Láwàl rọra gbé ọwọ́ Tẹjúmádé kalẹ̀, bí ẹni gbé ẹyin.

"Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n," ó wí fún Florence. "Mo ti ń rò ó pé ọwọ́ mi ló burú."

"Irọ́ mi ni, Bàbá."

Kò fà á. Ó to ọ̀pá oparun yí ọwọ́ náà ká, ó dì í. Ó ní bí kò bá mì í, oṣù mẹ́rin ni yóò fi jinná. Bóyá yóò tún gbá bọ́ọ̀lù, Ọlọ́run ló mọ̀. Ó ní ti oṣù tó ń bọ̀ yìí, kí wọ́n gbàgbé rẹ̀.

Níta, Jesse ti wọ inú takisí rẹ̀, ó ń tẹ fèrè. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀ báyìí. Ó ń pe Màámi, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jáde, kí wọ́n máa lọ sílé.

Tẹjúmádé fi ọwọ́ òsì di ìró ìyá ọkọ rẹ̀ mú. "Màmá, ẹ má lọ fẹjọ́ sùn ní tẹ́ṣàn. Ọmọ yín ni."

"Ọmọ mi ni," Florence wí. "Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹnu mi ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Ó tú ìró rẹ̀, ó tún un ró. Ó kọjá lára takisí náà, ó kọrí sí ọ̀nà tẹ́ṣàn. Jesse bi í pé níbo ló ń lọ. Florence ń rìn lọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá lanu, òun máa padà. Ó gbọ́ tí mọ́tò náà ṣí, tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní jẹ́jẹ́. Kò sáré. Ó kúrò lẹ́bàá ọ̀nà, ó bọ́ sí àárín títì, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i.