Ìgò Kẹtàlá

Mo fẹ́ kí ó jẹ́ ológbò. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé n kò mọ ohun tí mo ń ṣe lọ́jọ́ náà. Aládùúgbò wa ní ológbò kan, ọ̀lẹ paraku, ojú fèrèsé wa ló fi ṣe ibùsùn. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti sín ni mo máa ń bú u. Ìyàwó mi á ní, "Olówó orí mi, ẹ fi ẹran ẹlẹ́ran sílẹ̀. Ṣé ológbò ló ń bá yín po ìyẹ̀fun ni?"

Alásè búrẹ́dì ni mí. Bàbá mi ló fi ààrò lé mi lọ́wọ́, èmi náà sì ti ń kọ́ àbígbẹ̀yìn mi obìnrin níṣẹ́ náà láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, torí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ọ̀gá Kékeré ni àwọn oníbàárà ń pè é, torí kò sí ẹni tí kò lè pàṣẹ fún, títí kan èmi. Ó ti tó ọdún kan báyìí tó jẹ́ pé bí mo bá ti tú àpò ìyẹ̀fun, imú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, ojú mi á pọ́n, àyà mi á sì máa súfèé fúnra rẹ̀. Nígbà tí ààrò bàjẹ́, tí a ti ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ méjì, ara mi dá ṣáṣá. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n mo ní ìsinmi ló ṣe mí lóore. N kò rí ẹni tó rọrùn láti purọ́ fún tó ara mi.

Ìyàwó mi ló bá mi gba ọjọ́ ní ilé ìwòsàn. Ó ní ìka tó tọ́ símú là á fi ro imú, kí n yéé ra oògùn kiri, kí n lọ bá àwọn tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n fi ń mọ ohun tí ara ẹni kọ̀, yálà èyí tí à ń jẹ tàbí èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbé wọ imú. Ọjọ́ méje ṣáájú ni kí n ti jáwọ́ nínú oògùn imú gbogbo. Ọjọ́ méje yẹn, ẹ má bi mí. Mo sín títí tí aládùúgbò fi gbé ológbò rẹ̀ wọlé.

Ọ̀gá Kékeré ló wa ọkọ̀ gbé mi lọ. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi wọlé. Yàrá kékeré ni, tábìlì kan, àga méjì, fíríìjì kúkúrú kan ní igun. Nọ́ọ̀sì tí mo bá níbẹ̀ kò tíì tó ọmọ ogójì ọdún, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn, kò sì yára sọ̀rọ̀. Ó bi mí ní oúnjẹ tí mo ń jẹ, ó bi mí ní ẹran tí a ń sìn, ó bi mí ní ibi tí mo ń sùn.

"Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo ń tajà."

"Irú ọjà wo, sà?"

"Oríṣiríṣi. Nǹkan jíjẹ."

Irọ́ kọ́ sá. Ṣebí a ń ta búrẹ́dì náà. Mo ti fọ ọwọ́ mi dé ìgúnpá lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ náà, mo sì wọ aṣọ tí kò dé ìdí ààrò rí, kí ìyẹ̀fun kankan má baà jẹ́rìí takò mí. Bí wọ́n bá lé mi kúrò nídìí ààrò ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, kí ni n ó máa jí ṣe? N kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀rù ló ń bà mí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó fi bírò kọ nọ́ńbà sí mi lápá, láti ọ̀kan dé méjìlá. Ó kán omi díẹ̀díẹ̀ láti inú àwọn ìgò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ó sì fi abẹ́rẹ́ gún ibẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Kò dùn mí tó kí ẹ̀fọn jẹ mí. Omi lásán ni ti ọ̀kan. Èyí tó máa ń wú lára gbogbo ènìyàn ni ti méjì, kí wọ́n lè mọ̀ pé ara ń dáhùn. Ìyókù ni ẹyin, wàrà, ẹ̀pà, ẹja, edé, eruku ilé, funfun tó ń hù lára ògiri tútù, lẹ́búlẹ́bú òdòdó, irun ajá, àti nọ́ńbà méjìlá, olólùfẹ́ mi, irun ológbò.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sà. Ẹ má fọwọ́ kàn án o."

Mo tẹjú mọ́ nọ́ńbà méjìlá. Mo bẹ̀ ẹ́. Wú, mo ní lọ́kàn mi, wú, ìwọ ọ̀lẹ yìí. Nọ́ńbà méjì nìkan ló wú, ó sì ń yún mí burúkú.

Nọ́ọ̀sì fi rúlà kékeré wọn apá mi. "Kò sí nǹkan kan, Bàbá. Ó yà mí lẹ́nu. Bí ẹ ṣe ròyìn àyà yín yẹn, ó yẹ kí nǹkan hàn. Mo ní àwọn ìgò mìíràn nínú fíríìjì, tàwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ló ń bá wọn jà. Ṣé kò sí nǹkan kan níbi iṣẹ́ yín?"

"Rárá o."

Ó ní kí n dúró níta de ìwé mi. Mo jáde bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Mo sọ fún Ọ̀gá Kékeré pé wọn ò rí nǹkan kan, pé ara mi ò kọ nǹkan kan.

Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú, omijé sì lé ròrò sí i lójú. "Ẹ ṣeun, Bàbá mi. Èmi náà ti ń bẹ̀rù."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Bó ṣe ń ṣe yín yẹn ló ń ṣe mí. Ẹ̀yìn ilé ni mo máa ń lọ wúkọ́ sí kẹ́ ẹ má baà gbọ́. Mo ti rò pé ìyẹ̀fun ni. Àmọ́ tí tiyín kì í bá ṣe ìyẹ̀fun, tèmi náà ò lè jẹ́ ẹ̀. Látọ̀la lọ, èmi ni màá máa dá ìyẹ̀fun pò, kẹ́ ẹ̀yin sinmi díẹ̀."

Lọ́dọ̀ wa, a kì í ju àpò ìyẹ̀fun nù láìgbọ̀n ọ́n. Ẹni tó kéré jù nínú wa ló máa ń di etí àpò mú, tí á gbọ̀n ọ́n sórí pákó títí kò fi ní ku nǹkan kan nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi fi mí ṣe, bẹ́ẹ̀ lèmi náà fi ọmọ mi ṣe. Ìyẹ̀fun á bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, èmi á máa rẹ́rìn-ín pé ó ti hu ewú ṣáájú bàbá rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi ni mo da tèmi, ọmọ mi ló lọ tọ̀.

N kò tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn kí n tó wọlé padà.

"Nọ́ọ̀sì, alásè búrẹ́dì ni mí. Láti bí ogójì ọdún."

Kò bá mi wí. Ó gbé awò sójú. "Mo ti fura, Bàbá. Ẹni tó ń tajà kì í fọ apá mọ́ tó báyìí."

Ó ṣí fíríìjì, ó mú ìgò kan jáde, ó kọ mẹ́tàlá sí mi lápá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò tíì pé tí ibẹ̀ fi wú bí ìyẹ̀fun tí ìwúkàrà ti mú, etí rẹ̀ pọ́n yíká.

"Ẹ lè máa jẹ búrẹ́dì, sà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Inú yín gbà á. Imú yín àti àyà yín ni ò gbà á. Ẹ ò gbọdọ̀ dúró níbi tí ìyẹ̀fun bá ti ń fò mọ́."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú mi, mo sì nawọ́ pe ọmọ mi wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo apá mi.

"Bàbá, ṣebí ẹ ní wọn ò rí nǹkan kan?"

"Mo purọ́ ni. Wá jókòó síbí."

Mo dìde, ó jókòó sí àga náà. Nọ́ọ̀sì mú ìwé tuntun. "Ìgbà wo lọ́rọ̀ àyà yìí bẹ̀rẹ̀, àǹtí mi?"

Ó kọ́kọ́ wò mí. Mo ní, "Sọ ọ́, ọmọ mi."

"Ó ti pé ọdún mẹ́ta."

Tèmi tí mo ń pariwo lé lórí nílé, ọdún kan péré. Nọ́ọ̀sì dáwọ́ ìwé kíkọ dúró. "Ọdún mẹ́ta! Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Bàbá?"

Ọmọ mi ò wò mí mọ́. "Wọn ò ní ẹlòmíì tí wọ́n máa fi ààrò lé lọ́wọ́," ló wí.