Yàrá Màmá àti Ọkọ̀ Méjì Tí Kò Sí

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ wá wo ilẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni Oníbúrẹ́dì da iyọ̀ sínú fúláwà kan náà. Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ o. Ta ni ò mọ̀ ọ́n ní gbogbo àdúgbò yẹn? Inú rẹ̀ ló ń dùn jù, ọkàn rẹ̀ ti jáde síta kí ọwọ́ rẹ̀ tó parí iṣẹ́. Nígbà tó tọ́ ọ wò, ó tutọ́ sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò burú. Fúláwà yìí náà máa rí iṣẹ́ ṣe lónìí." Ó dà á sínú garawa, ó gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ohun tó fà á tí ara rẹ̀ kò fi balẹ̀ rèé. Ó ra ilẹ̀ kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò jìnnà sí ibùdókọ̀. Ohun tó fẹ́ kọ́ síbẹ̀ kò pọ̀: ibi tí á ti máa yan búrẹ́dì, ṣọ́ọ̀bù níwájú, àti yàrá kan lẹ́yìn fún ìyá rẹ̀. Yàrá yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún dá lé. Orúnkún Màmá ti kọṣẹ́ pátápátá, òkè kẹta ni wọ́n sì ń gbé, nínú ilé tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn nìkan ni ọ̀nà rẹ̀. Láti ìgbà tí òjò ọdún yẹn ti bẹ̀rẹ̀, Màmá ò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ títì mọ́. Ojú fèrèsé ló ti ń kí èèyàn, ibẹ̀ náà ló ti ń bá wọn jà. Tó bá rí ojúlùmọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀, á pariwo títí ọ̀fun rẹ̀ á fi gbẹ, ẹni náà á kàn juwọ́ sí i, á bá tiẹ̀ lọ.

Ayàwòrán-ilé ya pláànì, gbogbo nǹkan sì wọlé. Àfi ìgbà tí wọ́n gbé e dé ọ́fíìsì ètò ìlú. Wọ́n ní òfin sọ pé ṣọ́ọ̀bù tó bá tóbi tó yẹn gbọ́dọ̀ ní àyè ọkọ̀ mẹ́fà nínú ọgbà ara rẹ̀. Ayàwòrán-ilé yí pláànì síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ọkọ̀ mẹ́rin ló gbà. Ibi tí ìkarùn-ún àti ìkẹfà máa dúró sí, yàrá Màmá ló wà níbẹ̀.

"Ọkọ̀ ta ni?" Oníbúrẹ́dì bi í. "Èmi ò ní ọkọ̀. Ẹsẹ̀ làwọn oníbàárà mi fi ń rìn wá. Ọkọ̀ tí kò sí lẹ fẹ́ fún ní yàrá, kí ìyá tó bí mi wá máa gbé lókè bí ẹyẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni ayàwòrán-ilé wí, "èmi kọ́ ni mo ṣòfin."

Ṣùgbọ́n orí ń bẹ lẹ́yìn obìnrin náà. Òfin ọ̀hún ti gbó, ọ́fíìsì ètò ìlú fúnra wọn sì ti ń wá bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe. Wọ́n dábàá pé ilé tuntun tí kò bá jìnnà sí ibùdókọ̀, kí ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ pinnu iye ọkọ̀ tó fẹ́ fún láyè, tó bá sáà ti fi àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù àti fún ọkọ̀ àwọn tí ara wọn ò dá. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ gbà, àwọn kan yarí. Kánsílọ̀ onírùngbọ̀n kan ní tí wọ́n bá tú òfin yẹn sílẹ̀, ojú títì ni gbogbo ọkọ̀ máa kó ara wọn sí. Ni Alága bá dá sí i. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni Alága, obìnrin kan tó jẹ́ pé tó bá wo àgbàlagbà lójú, onítọ̀hún á ti kì ṣẹ́ẹ̀tì bọ ṣòkòtò kó tó mọ̀. Ó ní, "Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó. Lẹ́yìn náà ká padà wá dìbò."

Ibi tí wọ́n fẹ́ wá wò gan-an kò ju ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Oníbúrẹ́dì lọ. Ilé ìtajà àga ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ nígbà tí òfin àtijọ́ ṣì ń jẹ òfin, pẹ̀lú ibi ìgbọ́kọ̀sí tó fẹ̀ bíi pápá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i, kò kún rí. Àwọn ọmọdé ló ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ sáà ti dé, kí wọ́n fojú ara wọn rí bó ṣe ṣófo tó, ọ̀rọ̀ parí.

Kò sì sẹ́ni tí Oníbúrẹ́dì kò sọ fún. Ẹni tó wá ra búrẹ́dì, ó sọ fún un. Ẹni tó ṣi fóònù pè é, ó kọ́kọ́ sọ fún un kó tó sọ pé nọ́ńbà kọ́ nìyẹn. "Ẹ bá mi wá o! Kí wọ́n lè rí i pé mo léèyàn!" Inú dídùn ló ń mú orí yá, wọ́n ní. Àmọ́ tí inú bá dùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹnu náà kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Lówùúrọ̀ yẹn, òun àti ayàwòrán-ilé gbé garawa fúláwà oníyọ̀ lọ sórí ilẹ̀. Wọ́n fi ya ìlà funfun sílẹ̀, àyè ọkọ̀ mẹ́fà gbáko, kí ìgbìmọ̀ lè rí bí ìkarùn-ún àti ìkẹfà ṣe jẹ yàrá arúgbó tán. Ìlà náà tọ́, ó ń tàn nínú oòrùn. Oníbúrẹ́dì ń jó yí i ká.

Ibi tó ti ń jó ló ti gbọ́ hóònù.

Hóònù kọ́ lásán o, ọ̀wọ́ hóònù ni! Ó yíjú padà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tísà Mọ́tò torí pé ó ń kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà, ló ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mọ́tò tẹ̀ lé mọ́tò: ọkọ̀ àwọn ẹbí, ọkọ̀ àwọn oníbàárà, ọkọ̀ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Gbogbo wọn ti fọ ọkọ̀ wọn, ó ń dán gbinrin. Wọ́n yà sínú ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà àga, wọ́n tò ó dé ìpẹ̀kun. Kò ku ibi tí kẹ̀kẹ́ ọmọdé lè gbà.

Tísà Mọ́tò fò sílẹ̀, eyín rẹ̀ ń hàn. "Àǹtí mi, ẹ ò rí nǹkan bí? Mo ní kí gbogbo ẹni tó bá ní mọ́tò gbé e wá ni. Ẹni tí wọ́n bá rí èèyàn lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́ tiẹ̀!"

"Yéè! Ìwọ ọmọ yìí, o pa mí!" Oníbúrẹ́dì ká ọwọ́ lérí. "Ibi tó ṣófo ni wọ́n ń bọ̀ wá wò! Ibi tó ṣófo!"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Tísà Mọ́tò. Kó tó sáré padà sínú mọ́tò rẹ̀, bọ́ọ̀sì ìgbìmọ̀ ti dé.

Alága sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ibi ìgbọ́kọ̀sí láti òpin kan dé ìkejì, bí ìgbà tó ń ka orúkọ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ó ní, "Oníbúrẹ́dì, ṣé ibi tí wọ́n ní kì í kún rèé?"

Onírùngbọ̀n ti ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. "Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀rí ti ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Lójú ọkàn rẹ̀, Oníbúrẹ́dì rí yàrá Màmá tó ń lọ, tòun ti fèrèsé rẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ kò wá sí i lẹ́nu. Ó ní, "Mà, mi ò ní tàn yín. Èèyàn mi ni gbogbo wọn. Èmi ni mo pè wọ́n, inú mi ló dùn jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kó o kúrò."

"Kí wọ́n kó o lọ síbo?" ni Onírùngbọ̀n já a gbà mọ́ ọn lẹ́nu. "Ojú títì náà ni wọ́n máa kó o sí. Ohun tí mo sì ń sọ látọjọ́ yìí náà nìyẹn."

Bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Oníbúrẹ́dì wo Onírùngbọ̀n, ó wo àwọn mọ́tò, nǹkan sì là á lójú. "Ó dáa, sà. Ẹ jẹ́ ká wò ó." Ó kọjú sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó la ohùn: "Gbogbo yín, ẹ gbé mọ́tò yín kúrò! Ẹ lọ wá ibòmíì páàkì sí ládùúgbò yìí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dúró sójú títì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Ẹ fẹsẹ̀ rìn padà wá, kí ẹ sọ ibi tí ẹ gbé e sí!"

Alága gbé ojú sókè. "Tí wọn ò bá rí àyè ńkọ́?"

Oníbúrẹ́dì ní, "Ẹ jẹ́ kí òfin yín dúró bó ṣe wà nígbà náà, mà."

Wọ́n lọ. Ibi ìgbọ́kọ̀sí náà ṣófo, ó gbòòrò. Oníbúrẹ́dì ń pín búrẹ́dì gbígbóná fún ìgbìmọ̀. Tí wọ́n bá padà wá sọ pé gbogbo ibi ló kún ńkọ́? Ṣé òun fúnra òun kọ́ ló fẹnu ara rẹ̀ ta yàrá ìyá rẹ̀ báyìí? Ayàwòrán-ilé ní kó jókòó. Kò jókòó.

Ẹni àkọ́kọ́ yọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà ni, ìyàwó ilé kan tó sanra, ó ń sáré, ó ń juwọ́. "Mo páàkì! Èmi fúnra mi! Láàárín ìlà méjì! Tísà dà? Kí Tísà wá wò ó!"

"Níbo mà?" ni Alága béèrè.

"Ẹ̀yìn báńkì. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, mà. Ṣe ni mo ń ṣa ibi tí mo fẹ́."

Wọ́n ń yọ láti gbogbo igun. Ẹnìkan gbé tiẹ̀ sínú ọgbà ẹni tó ń ta ọ̀dà, ibẹ̀ gba ogún ọkọ̀, mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Àwọn kan lọ sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀tù, wọ́n ní àwọn ò kún ìdajì ibẹ̀. Ìdùnnú ti gba Oníbúrẹ́dì débi pé ó ń dáhùn ìbéèrè tí wọn ò bi í. Àfi ìgbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé kẹ́yìn, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ní, "Èmi ò tètè rí o. Iwájú ilé ìwòsàn ni mo kọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ kún fọ́fọ́. Àwọn tó gbé aláìsàn wá gan-an ò rí àyè. Ẹ̀yìn báńkì ni mo padà gbé e sí."

Oníbúrẹ́dì wò ó bí ẹni pé kó gbé e mì. Ta ló bi í?

Alága wá rẹ́rìn-ín fúngbà àkọ́kọ́. "Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ló jẹ́ kí n gba àwọn tó kù gbọ́. Ilé ìwòsàn á dúró lórí òfin rẹ̀, ó nílò àyè ju bó ṣe wà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná: gbogbo mọ́tò yẹn, àdúgbò yìí gbé wọn mì, kò tilẹ̀ gùfẹ̀. A sì tún ń sọ fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé pé kó wá àyè sí i!"

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n dìbò nínú gbọ̀ngán ìgbìmọ̀. Alága ní kí àwọn tó fara mọ́ òfin tuntun nawọ́. Ọwọ́ ń lọ sókè. Onírùngbọ̀n kọ́kọ́ gbé tiẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ họ etí, ó wo ẹ̀yìn, ó rí Oníbúrẹ́dì tó ń wò ó tìkanra-tìkanra, ló bá kúkú nà án tán. Òfin wọlé! Igbe tí Oníbúrẹ́dì ké, Alága ní kó jáde síta kó lọ parí ẹ̀ níbẹ̀.

Ó sáré délé. Ó gun àtẹ̀gùn dé òkè kẹta láìsinmi, Tísà Mọ́tò ń tẹ̀ lé e. "Màmá! Wọ́n ti gbà! Wọ́n ti gbà!"

"Mo gbọ́," ni Màmá wí lójú fèrèsé. "Gbogbo títì ló gbọ́. Ẹ gbé mi lọ síbẹ̀, kí n rí i."

Tísà Mọ́tò lóṣòó síwájú rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i. "Ẹ ṣípá, Màmá. Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé."

"Ta lọmọ ẹ?" ni Màmá wí. Ṣùgbọ́n ó ti ṣípá. Ó rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀, ó ní, "Rọra o! Nígbà tí mo pọ̀n ẹ́, mi ò jẹ́ kó o já lulẹ̀." Oníbúrẹ́dì gbé àga tẹ̀ lé wọn, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì bò ó.

Wọ́n gbé Màmá jókòó sáàárín ìlà funfun. Màmá wo ilẹ̀, ó pa ojú dé. "Fúláwà! Ta ló da fúláwà sílẹ̀ báyìí? Ṣé orí yín pé?"

"Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, Màmá. Àyè ọkọ̀ la fi yà. Ibi tí ẹ jókòó sí yẹn, ọkọ̀ karùn-ún ni òfin fẹ́ fún tẹ́lẹ̀."

Ojúlùmọ̀ Màmá kan ń kọjá lọ ní títì, ọ̀kan lára àwọn tó máa ń juwọ́ sí i. Ó dúró, ó tún un wò, ó pariwo, ó sáré wá dì mọ́ ọn. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó pariwo mọ́. Bí Màmá ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún, ó ń fi gìgísẹ̀ pa ìlà fúláwà rẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, Tísà Mọ́tò tún wá lóṣòó síwájú rẹ̀. "Ó yá, Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sókè."

Màmá di apá àga mú.

"Òkè wo? Ẹ lọ pe bíríkìlà wá. Ẹ ní kó kọ́ ọ yí mi ká."