Táàsì Tó Lọ sí Marne

Ìgbà kẹta tí ilé-ìwé máa pè mí wá dán mi wò nìyẹn, mo sì ti búra fún ìyàwó mi Àṣíáwù pé tí iṣẹ́ yìí bá tún fò mí dá, gbogbo ìwé ìtàn mi ni màá kó jáde nílé. Mi ò ní kọ ìwé ìwáṣẹ́ kankan mọ́.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìtàn ní Ìṣẹ́yìn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń wa táàsì ní Dublin. Ìwé àṣẹ olùkọ́ ti wà lọ́wọ́ mi; iwájú àwọn tó ń bi mí léèrè ni nǹkan ti máa ń dàrú. Lákọ̀ọ́kọ́, mo wolẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, wọ́n ní ọkùnrin yìí kò dá ara rẹ̀ lójú. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ranjú mọ́ ọ̀gá ilé-ìwé títí obìnrin náà fi yí àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ò rí wàhálà!

Ti ilé-ìwé Clonsilla yìí yàtọ̀. Wọ́n ní kí n wá kọ́ kíláàsì kan fún ogójì ìṣẹ́jú níṣojú wọn, lórí àwọn ìjà tó pinnu bí Ogun Àgbáyé Kìíní ṣe máa rí.

“Bàbá Nàbílà, ẹ má dárúkọ táàsì níbẹ̀ o,” Àṣíáwù kìlọ̀ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń tún táì mi so. “Ta ló máa fa ọmọ rẹ̀ lé awakọ̀ lọ́wọ́? Transport management lẹ fi ọdún mẹ́sàn-án ṣe, ó parí.”

Ohun tá a kúkú kọ sínú CV nìyẹn. Nàbílà, ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún, gbójú sókè nídìí oúnjẹ rẹ̀. “Ah Dad, just tell them. It's grand.” Mo ní kó panu mọ́.

Ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà ní kíláàsì. Ọ̀gá ilé-ìwé àti olùkọ́ méjì jókòó lẹ́yìn, bíírò lọ́wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn: mo kọ orúkọ ìjà àkọ́kọ́ sójú pátákó, mo sì ké, “Marne!” Mo wá dúró kí wọ́n dá mi lóhùn pé, “Nineteen-fourteen!” Nílé, òrùlé ì bá ti mì. Níbí, kẹ́kẹ́ pa. Mo tún un ké. Ọmọkùnrin kan wo ẹnìkejì rẹ̀, bíírò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ìwé lẹ́yìn lọ́hùn-ún.

Mo sáré bọ́ sórí ìjà Verdun, òógùn ti bò mí. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin kan ti nawọ́.

“Uncle Gafar! Sorry, sir. It's you brings my mam to church in the taxi, isn't it?”

Priscilla ni. Bímpé, ìyá rẹ̀, ni mo máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, èmi Mùsùlùmí, a ó sì máa jiyàn títí a ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà kò fi bú mi. Kò kàn lè rí àgbà tó mọ̀ kó má kí i ni. Àmọ́ kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, mo sì rí ọ̀gá tó ṣí CV mi, tó ń fi ìka wá táàsì nínú rẹ̀.

Inú bí mi. Ara mi ni inú mi ń bí sí. Iṣẹ́ tí mo fi bọ́ ọmọ, tí mo fi tún ìwé kà, òun ni mo wá ń fi pa mọ́ bí ẹrù olè?

“Bẹ́ẹ̀ ni,” mo ní, “táàsì ni mo ń wà. Ó yá, ẹ dìde! Márùn-ún márùn-ún, ẹ fi àga yín ṣe ọkọ̀.”

Wọ́n fi ariwo to àga. Mo wá sọ fún wọn bí àwọn Jámánì ṣe sún mọ́ Paris ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1914, tí ọkọ̀ kò tó láti kó ọmọ ogun lọ dojú kọ wọ́n, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn awakọ̀ táàsì. Bí ẹgbẹ̀ta táàsì, sójà márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tọ ara wọn lẹ́yìn lọ sójú ìjà Marne.

“Kì í ṣe táàsì ló ṣẹ́gun o,” mo ní, “ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń purọ́ fún yín. Àmọ́ àwọn Jámánì padà sẹ́yìn, wọ́n gbẹ́ kòtò, ogun tí wọ́n rò pé á tán kí Kérésì tó dé sì di ọdún mẹ́rin.”

Mo wá pín ìjà fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ kan lọ sí Marne. Ọ̀kan lọ sí Gallipoli, níbi tí ìbọn ti ba àwọn ọmọ Dublin kí ẹsẹ̀ wọn tó kan ilẹ̀. Ọ̀kan lọ sí Verdun, tó gba oṣù mẹ́wàá. Ọ̀kan lọ sí Somme. Ti ìkẹyìn lọ sí Amiens, níbi tí ẹ̀yìn Jámánì ti kán. Èmi mú Garua ní Kamẹrúùnù, ibi tí ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá mi lọ jagun aláwọ̀ funfun, tí kò padà wálé.

“Ọkọ̀ wo ló gbé ogun náà délé? Ìjà wo ló pinnu rẹ̀?” mo bi wọ́n. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà! Àwọn Verdun ń pariwo mọ́ àwọn Amiens, Priscilla dìde dúró lórí àga. Aago lù, ẹnì kankan kò mira. Mo ké, “Marne!”

“Nineteen-fourteen!” Fèrèsé mì.

“Amiens!”

“Nineteen-eighteen!”

Nígbà tí wọ́n jáde tán, ọ̀gá gbé CV náà síwájú mi. Ó béèrè ìdí tí táàsì kò fi sí nínú rẹ̀. Mo wò ó lójú, mi ò ranjú. “Ojú ló ń tì mí, ìyáàfin. Ó ti tán báyìí.”

Ó na bíírò rẹ̀ sí mi. “Ẹ kọ ọ́ sí i, ẹ jọ̀ọ́.” Mo kọ ọ́ gàdàgbà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo ń dúró de èrò níwájú ibùdó rélùwéè Clonsilla nígbà tí wọ́n pè mí pé èmi ni wọ́n mú. Mo pariwo “Àlùhámúdùlílàhì!” débi pé àwọn ẹyẹlé fò. Mo pe Àṣíáwù. “Ṣebí mo sọ fún yín pé kí ẹ má fi iṣẹ́ yín pa mọ́!” ló ní. Mi ò bá a jà, inú mi ti dùn jù.

Lọ́jọ́ Ajé tí mo máa bẹ̀rẹ̀, Àṣíáwù ní kí n wọ bọ́ọ̀sì bí olùkọ́. Mo ní ó tì. Táàsì mi ni mo wà wọ ọgbà ilé-ìwé, pẹ̀lú àmì táàsì gbàgbà lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ kún ojú fèrèsé òkè, wọ́n sì ké lẹ́ẹ̀kan náà, “Marne!”

Mo yọrí síta, mo tẹ fèrè ọkọ̀, mo sì fi gbogbo agbára mi dá wọn lóhùn.